Orí Kẹfà: Ẹja Tí Wọn Kò Torí Rẹ̀ Da Àwọ̀n

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè sọ ohun tí ẹja àkómọ́ jẹ́ àti ìdí tó fi máa ń ṣòfò. Ó yẹ kó lè to àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ di oúnjẹ àti èròjà ìlera, láti orí èyí tí ìyá ẹlẹ́ja lè ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀ dé orí èyí tó gba ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó sì yẹ kó mọ ewu tó wà nídìí iṣẹ́ náà, fún ẹni tó máa jẹ ẹ́ àti fún omi tí wọ́n ti kó o.

6.1 Òkítì kẹta

Omi tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kọjá lọ sí Àgbádárìgì kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò lásán. Iyọ̀ òkun àti omi odò ló pàdé níbẹ̀. Lásìkò òjò, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á tún gòkè. Ìdí nìyí tí èpìyà, ọbọ̀kún, edé àti akàn fi ń gbé inú omi kan náà, tí ẹja òkun kéékèèké náà sì máa ń wọlé wá dàgbà níbẹ̀ kó tó padà síbi tó ti wá. Àwọn Àwórì tó tẹ Ọ̀jọ́ dó, àti àwọn Ègùn, Ìlàjẹ àti Ìjọ̀ tó ń bá wọn gbé, ń fi àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè wá oúnjẹ òòjọ́ lórí rẹ̀.

Àwọ̀n kò mọ orúkọ ẹja. Ẹni tó dà á nítorí ọbọ̀kún lè fà á sókè kó rí èpìyà tí kò gùn tó ìka ọwọ́, akàn tí kò lẹ́ran nínú àti ẹja wẹ́wẹ́ tó jẹ́ egungun ṣáá. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn ìyá ẹlẹ́ja á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Èyí tó tóbi tó sì ń ta pọ́n-ún ni òkítì kìíní, ọjà ló ń lọ tààrà. Òkítì kejì ni èyí tí wọ́n máa yan. Òkítì kẹta ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè: ó kéré jù, tàbí egungun rẹ̀ pọ̀ jù, tàbí àwọ̀n ti fún un já, tàbí àwọn oníbàárà kò mọ̀ ọ́n jẹ. Nínú ìwé yìí, ẹja àkómọ́ ni orúkọ tí a ó máa pe ohun tó wà nínú òkítì kẹta yẹn.

Bí ẹnì kan bá ní kò wúlò, ìbéèrè tó kàn ni pé: ta ni kò wúlò fún? Ní Nọ́wè àti Iceland, ẹran ara ẹja cod ni wọ́n ń jẹ, tàbí kí wọ́n tà á fún ará Yúróòpù. Orí rẹ̀ àti egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò lẹ́nu nínú ọjà wọn. Dípò kí wọ́n dà á nù, wọ́n ń sá a gbẹ. Iceland tilẹ̀ ń lo ooru tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá láti gbẹ ẹ́. Nàìjíríà ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá. Orí okporoko, ìyẹn ẹja cod gbígbẹ yìí, tí ìyàwó ilé ń ná lọ́jà Ìyànà-Ìbà jẹ́ àjẹkù ẹlòmíràn tí ẹnì kan ti ronú lé lórí kó tó bàjẹ́.

6.2 Bó ti pọ̀ tó láyé

Ní ọdún 2019, Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, FAO, gbé ìṣirò kan jáde. Láàárín 2010 sí 2014, nǹkan bíi mílíọ̀nù 9.1 tọ́ọ̀nù ẹja ni àwọn apẹja ń dà padà sókun lọ́dọọdún. Ó jẹ́ ìdá 10.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí wọ́n pa. Àwọn ọkọ̀ tírọ́là tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló fa ohun tó sún mọ́ ìdajì rẹ̀.

Tírọ́là tó ń wá edé ló burú jù nínú wọn. Edé kéré, nítorí náà ojú àwọ̀n gbọ́dọ̀ kéré. Ojú àwọ̀n tó bá sì kéré kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Edé ń pawó lókè òkun ju ẹja wẹ́wẹ́ lọ, yàrá yìnyín inú ọkọ̀ kò sì tóbi. Edé ni ọ̀gákọ̀ máa fi àyè sílẹ̀ fún.

Nàìjíríà ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹja Òkun ti 1992 ló rọ́pò ti 1971, àwọn ìlànà tó sì so mọ́ ọn kò gba tírọ́là láàyè láti ṣiṣẹ́ láàárín máìlì òkun márùn-ún sí etíkun. Apá ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ kékeré pẹja. Wọn kò sì gbà kí ọkọ̀ da ẹja tó ṣeé jẹ tó sì ṣeé tà sínú òkun. Lórí omi gan-an, ọ̀nà kan ti wà tipẹ́ tí ẹja àkómọ́ fi ń dé ilẹ̀: àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré máa ń lọ bá tírọ́là lójú agbami, wọ́n á rà á, wọ́n á sì gbé e wá fún àwọn tó ń yan ẹja.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Nọ́wè fòfin de dída cod àti haddock nù ní 1987. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin tirẹ̀ ní 2013, wọ́n sì mú un ṣẹ díẹ̀díẹ̀ láti 2015 dé 2019: gbogbo ẹja tí òfin náà kàn gbọ́dọ̀ dé èbúté. Ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì tó ìwọ̀n kò gbọ́dọ̀ di oúnjẹ ènìyàn tààrà, kí apẹja má bàa rí èrè nínú pípa ọmọ ẹja. Wọ́n lè lọ̀ ọ́ fún oúnjẹ ẹran, kí wọ́n fún epo rẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ṣe oògùn àti ohun ìṣaralóge.

Nàìjíríà kò lè wulẹ̀ ṣe àwòkọ èyí. Ìṣirò tí àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ máa ń mú lò ni pé orílẹ̀-èdè yìí nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù ẹja lọ́dún, nígbà tí èyí tí wọ́n ń pa àti èyí tí wọ́n ń sìn nílé kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 lọ. Níbi tí ẹja ti wọ́n tó báyìí, ikùn ènìyàn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò kí wọ́n tó ro ti adìẹ.

6.3 Àwọn wákàtí àkọ́kọ́

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, ó yẹ kó mọ ibi tí òkítì kẹta ti ń bàjẹ́. Bí ẹja bá ti kú, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ìfun rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀. Bakitéríà tó wà lára awọ àti ìjàgbá rẹ̀ á wọlé. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀, afẹ́fẹ́ á sọ ọ̀rá náà di kíkan. Nínú ooru ọ̀sán Èkó, tó máa ń tó 30°C, wákàtí díẹ̀ ti tó. Bí ẹja bá wà nínú yìnyín ní 0°C, ó lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó bàjẹ́.

Ewu kan wà tí òórùn kò lè tètè fi hàn. Nínú ẹran ara ṣàwá, títùs àti àwọn ìbátan wọn, bakitéríà lè ṣẹ̀dá histamine. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí orí máa fọ́ ọ, kí ara máa yún un. Síse kò pa histamine, yíyan kò pa á, dídín kò pa á. Ẹja tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e ká iná kò ní sunwọ̀n mọ́ lórí iná.

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí òkítì kẹta nìyí. Yìnyín wọ́n, nítorí náà òkítì kìíní ló ń gba gbogbo rẹ̀. Òkítì kejì lọ sórí iná kíá. Òkítì kẹta wà nínú agbada, oòrùn ń pa á, títí tí ìyá ẹlẹ́ja fi ráyè fún un. Nígbà tó bá fi ráyè, ẹja tó ṣeé jẹ láàárọ̀ ti di ohun tí wọ́n ń dà sẹ́yìn abà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe irú ẹja tó jẹ́ ló sọ ọ́ di aláìwúlò. Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ yìí nílò ni àpótí tó ń gba òtútù mọ́ra, tí wọ́n kó yìnyín sí. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ máa ń fún àwọn ibi olóoru ni kìlógíráàmù yìnyín kan sí kìlógíráàmù ẹja kan. Kí wọ́n fọ ẹja náà nínú omi mímọ́, kí wọ́n yọ ìfun rẹ̀ bó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ṣà á lábẹ́ ibòji. Láìsí èyí, gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí kò lè ṣeé ṣe.

6.4 Ọ̀nà kìíní: jíjẹ ẹ́ lódindi

Ohun tó ń mú kí wọ́n kọ ẹja wẹ́wẹ́ ni orí rẹ̀, ojú rẹ̀ àti egungun rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ohun tó níye lórí jù wà. Egungun ẹja kún fún calcium. Ojú àti ẹ̀dọ̀ ẹja mìíràn kún fún fítámì A.

Shakuntala Haraksingh Thilsted, onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n bí ní Trinidad, ló sọ òtítọ́ yìí di iṣẹ́. Ní Bangladesh, ó rí i pé ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní mola, tí àwọn tó ń sin ẹja máa ń fi oògùn pa kí ẹja ńlá lè ráyè, ní fítámì A lọ́pọ̀ yanturu. Ó gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú láti máa sin ín pọ̀ mọ́ ẹja ńlá. Ó sì bá wọn ṣe ìyẹ̀fun ẹja àti ọbẹ̀ ẹja gbígbẹ fún àwọn aboyún àti ìyá ọmọ. Ní 2021, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé.

Ìdílé tó ń gbé Okokomáíkò tàbí Iba lè jèrè ẹ̀kọ́ yìí láìra ẹ̀rọ kankan. Ògì ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń já ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu ọmú. Àgbàdo tí wọ́n fi ṣe é kò ní lysine tó, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara fi ń kọ́ ẹran ara. Ẹja ní i púpọ̀. Àwọn ìyá ti ń lọ edé gbígbẹ sínú ògì ọmọ tipẹ́. Ẹja àkómọ́ tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè ṣe iṣẹ́ kan náà lówó pọ́ọ́kú.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ:

1. Ṣa ẹja náà kí o sì fọ̀ ọ́. Yọ ohun tí o kò mọ̀ kúrò nínú rẹ̀.
2. Bọ̀ ọ́ díẹ̀ nínú omi iyọ̀, kí bakitéríà kú, kí ọ̀rá sì jáde.
3. Yan án tàbí sá a sórí àwọ̀n tó ga kúrò nílẹ̀, níbi tí eṣinṣin kò lè dé, títí yóò fi máa fọ́ pé-pé bí o bá tẹ̀ ẹ́.
4. Lọ̀ ọ́ kúnná, kí egungun má bàa há ọmọ lọ́nà ọ̀fun, kí o sì jọ̀ ọ́.
5. Kó o sínú ike tàbí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí o sì kọ ọjọ́ tí o lọ̀ ọ́ sára rẹ̀.

Yíyan nìkan ló gba àfiyèsí pàtàkì níhìn-ín. Èéfín igi máa ń gbé àwọn èròjà kan tó lè fa jẹjẹrẹ lé ẹja lórí, ọ̀kan nínú wọn sì ni benzo[a]pyrene. Yúróòpù kì í gba ẹja yíyan tó bá ní ju máíkrógíráàmù 2 rẹ̀ lọ nínú kìlógíráàmù kan. Àwọn obìnrin Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Accra, ló bá FAO àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí oúnjẹ Gánà ṣe ààrò tó ń jẹ́ orúkọ àdúgbò wọn, ní ìparí àwọn ọdún 1960 bọ́ sí 1970. Ó ń fi igi tó dín kù yan ẹja tó pọ̀, ó sì tàn kálẹ̀ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 2008, ilé-ẹ̀kọ́ Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti FAO tún fi àwokòtò tó ń gba ọ̀rá tó ń kán, àti àyè ọ̀tọ̀ fún èéfín, kún un, kí ọ̀rá má bàa máa bọ́ sínú iná. Ààrò tuntun yẹn ni wọ́n ń pè ní FTT.

Ọ̀nà àtijọ́ mìíràn kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ rárá. Lẹ́yìn ẹnubodè, ní etíkun Benin àti Togo, wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹja, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, wọ́n á sì sá a. Lanhouin ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fi sọ́bẹ̀, bí a ti ń fi irú sí i, nítorí ìtasánsán rẹ̀.

Ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gé ẹran ara kúrò lára egungun, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́. Ní Japan, surimi ni orúkọ rẹ̀. Ní 1960, Nishiya Kyosuke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hokkaido rí i pé bí wọ́n bá fi ṣúgà sí i, ó lè wà nínú yìnyín fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́. Fish roll tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ń rà lẹ́nu géètì Ọ̀jọ́ lè gba ẹran ẹja àkómọ́ sínú láìsí pé adùn rẹ̀ dín kù.

6.5 Ọ̀nà kejì: awọ, èèpo àti ọ̀rá

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ohun tó ṣeé jẹ tán, awọ, ìpẹ́, orí edé àti ìfun ṣì wà nílẹ̀. Níbí ni ilé-iṣẹ́ ti wọlé.

*Collagen àti gelatin.* Awọ àti ìpẹ́ ẹja kún fún collagen. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná fà á jáde, gelatin ló dà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe èèpo oògùn oníhóró àti àwọn midinmíìdìn kan. Ara ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ bí ilẹ̀ Yorùbá, gelatin ẹja ní ọjà tirẹ̀.

Awọ èpìyà ti dé ilé ìwòsàn. Ní Fortaleza, ní Bùràsíìlì, àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ceará bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí rẹ̀ ní nǹkan bí 2015. Wọ́n ń pa kòkòrò tó wà lára awọ náà, wọ́n á sì fi bo ojú egbò iná. Kì í jẹ́ kí egbò gbẹ háú, wọn kì í sì í pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bíi báńdéèjì, nítorí náà ìrora aláìsàn dín kù. Ní Iceland, ilé-iṣẹ́ Kerecis ń fi awọ cod ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ní 2023, Coloplast ti Denmark fẹnu kò láti rà á ní iye tó lè tó bílíọ̀nù 1.3 dọ́là.

*Chitin àti chitosan.* Bí wọ́n bá bó edé, orí àti èèpo rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Nínú èèpo yẹn ni chitin wà; ara èèpo akàn náà ló wà. Ásíìdì ni wọ́n fi ń yọ calcium inú rẹ̀, sódà ni wọ́n fi ń yọ protein. Bí wọ́n bá wá se é nínú sódà tó lágbára gan-an, ó di chitosan. Wọ́n ń fi chitosan ṣe báńdéèjì tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n sì ń fi fọ omi ìdọ̀tí. Glucosamine, tí àwọn àgbàlagbà ń rà ní ilé oògùn fún oríkèé ríro, máa ń wá láti ara èèpo yìí pẹ̀lú. Ásíìdì àti sódà tí wọ́n bá lò tán kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ọ̀sà. Ìdí nìyí tí èyí kì í fi í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé.

*Epo ẹja.* Ọ̀rá ṣàwá àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní omega-3 tó ń jẹ́ EPA àti DHA, tó wúlò fún ọpọlọ ọmọ inú àti fún ọkàn. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru máa ń tètè bà á jẹ́, nítorí náà inú ìgò dúdú tàbí kápúsù ni wọ́n ń fi í sí.

*Protein tí wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́.* Bí wọ́n bá po ẹja lílọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù, protein rẹ̀ á já sí pẹ́ptáìdì kéékèèké tó rọrùn fún ara láti gbà. Papain, tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń lò. Ìkorò ni ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e jù, kò ní ṣeé fẹnu kàn.

6.6 Ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́

Ìṣòro kìíní wà nínú omi fúnra rẹ̀. Ọjà Alábà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, wà ní Ọ̀jọ́. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí kọ̀ǹpútà àti tẹlifísàn tó ti kú tí wọ́n ń kó wọ Èkó láti òkè òkun, ó sì dárúkọ Alábà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní òjé àti cadmium nínú, tí ọ̀gbàrá lè gbé lọ sínú omi. Inú egungun ni òjé máa ń kó ara jọ sí, inú ìfun àti ẹ̀dọ̀ sì ni cadmium máa ń wà. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tó fún ọmọ ní calcium, jíjẹ ẹja lódindi, lè fún un ní òjé pẹ̀lú bí omi bá ti bàjẹ́. Nítorí náà, ìyẹ̀fun tí wọ́n bá fẹ́ tà fún ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ilé àyẹ̀wò kọjá. Ibi tí wọ́n ti lè béèrè kò jìnnà: LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, sì wà ní Victoria Island.

Ìṣòro kejì ni ẹja olóró. Ẹja kan tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá mú un máa ń wà nínú ẹja àkómọ́ òkun wa. Oró inú rẹ̀, tetrodotoxin, kò gbọ́ ti iná, kò sì lẹ́rọ̀. Ẹyọ kan péré tó bá wọ inú ẹ̀rọ ìlọ̀ ti ba gbogbo àpò náà jẹ́. Bákan náà, ẹni tí edé tàbí akàn máa ń bá jà gbọ́dọ̀ lè kà á lára ike pé ó wà nínú ìyẹ̀fun náà.

Ìṣòro kẹta ni ẹnu olóògùn. NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ló ń forúkọ oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Oúnjẹ tó dára fún ara kò tíì di oògùn àrùn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sára ike pé collagen òun ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ti ṣẹ̀ sófin.

Ìṣòro kẹrin ló jinlẹ̀ jù. Ní Gánà, ríra ẹja àkómọ́ lọ́wọ́ tírọ́là lójú òkun bẹ̀rẹ̀ bí pàṣípààrọ̀ kékeré. Àwọn ọlọ́kọ̀ á gbé èso àti ẹran lọ, wọ́n á gba ẹja wá. Saiko ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí owó wọ inú rẹ̀, àwọn tírọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹja kéékèèké tó jẹ́ ti àwọn apẹja ọlọ́kọ̀. Ìṣirò EJF àti Hen Mpoano, àjọ méjì tó ń jà fún òkun àti àwọn apẹja, fi hàn pé ní 2017 nìkan, nǹkan bí 100,000 tọ́ọ̀nù ẹja ló gba ọ̀nà saiko wọ Gánà. Bí ẹja àkómọ́ bá ti lówó lórí jù, kì í ṣe àkómọ́ mọ́. Òun gan-an ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, ojú àwọ̀n tó fẹ̀ tó láti jẹ́ kí ọmọ èpìyà jáde ló ṣáájú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun sì wà fún èyí tí àwọ̀n kò lè ṣàìkó.

6.7 Iṣẹ́ ṣíṣe àti ìbéèrè

1. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja ní Iba, Okokomáíkò tàbí etí omi Ọ̀jọ́. Pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn ìyá ẹlẹ́ja, ẹ kọ irú ẹja tó wà nínú òkítì kẹta sílẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ló fà á tí síse kò fi lè gba ẹja tó ti ní histamine là?
3. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí òfin Yúróòpù gbà kí wọ́n fi ọmọ ẹja ṣe àti ohun tó bá ipò Nàìjíríà mu. Fi ìṣirò 6.2 ti ìdáhùn rẹ lẹ́yìn.
4. To àwọn wọ̀nyí bí owó ìbẹ̀rẹ̀ wọn ti kéré sí: ìyẹ̀fun ẹja, chitosan, lanhouin, gelatin. Sọ ìdí rẹ.
5. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja kan fẹ́ máa ta ìyẹ̀fun ẹja fún ògì ọmọ. Kọ àyẹ̀wò mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kó tó dé ọjà, àti ìlànà kan tí wọ́n lè fi lélẹ̀ kí àwọn apẹja wọn má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ wá ọmọ ẹja.